Kí Ata Tó Dé Ẹ̀rọ

Láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù keje ọdún, ẹni tó bá gbé báàgì lọ sí ọjà Bódìjà n'Íbàdàn tàbí Mile 12 l'Ékòó á mọ̀ pé ata tútù ti di ọ̀wọ́n. Èyí tí wọ́n bomi rin lókè Ọya nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti ń tán lọ, èyí tí òjò yóò wú kò sì tíì pọ́n. Owó tó ra agbọ̀n kan lóṣù kọkànlá lè má ra ìdajì rẹ̀ mọ́. Bí ọdún bá wá ń lọ sópin, ata á pọ̀ débi pé àwọn aláta á máa bẹ̀ wá ká kó o lọ kó tó jẹrà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá rí àsìkò ọ̀pọ̀ yìí tí kò sá ata pamọ́, ó ti fi owó ara rẹ̀ ṣòfò.

Àmọ́ kì í ṣe tìtorí owó nìkan ni mo ṣe ń kọ èyí. Ohun tí mo fẹ́ kó wọ̀ wá létí ni pé lílọ̀ kọ́ ni iṣẹ́ ata gígún, gbígbẹ rẹ̀ ni. Kí ata tó dé ẹnu ẹ̀rọ ló ti hàn bóyá yóò ṣe ara lóore tàbí yóò ṣe é níbi. Lẹ́yìn tó bá ti di lẹ́búlẹ́bú, kò sí ojú tó lè ṣà á mọ́. Èyí tó bu, èyí tó rà, èyí tí eku ti sáré lórí rẹ̀, igi ata, àgbàdo lílọ̀, gbogbo rẹ̀ á di pupa kan náà nínú ọ̀rá. Nítorí náà ni mo ṣe ń rọ gbogbo ilé tó bá ní ààyè pé kí wọ́n máa ṣe tiwọn. Ẹni tí kò bá rọrùn fún, kó ra ata gbígbẹ lódindi, kó sì lọ̀ ọ́ níṣojú ara rẹ̀.

Ó máa ń ya àwọn ọ̀dọ́ lẹ́nu tí wọ́n bá gbọ́ pé àlejò ni ata wọ̀nyí nílẹ̀ wa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá, láti àgbègbè bíi Mẹ́síkò àti Bòlífíà, níbi tí àwọn onílẹ̀ ti ń gbìn wọ́n fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí Columbus tó gúnlẹ̀ ní 1492. Àwọn Pọtogí tó ń ṣòwò létí òkun ló gbé wọn dé ìhà ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn náà. Ataare àti iyèré ló ń ta ọbẹ̀ lẹ́nu ṣáájú. Ataare ṣì ń jókòó níbi ìkómọ, iyèré ṣì wà nínú ọbẹ̀ abiyamọ, ṣùgbọ́n àlejò ti gba ilé, débi tí àwa náà fi ń sọ pé ẹ̀mí tí kò jata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni.

Àwọn ìyá wa àgbà mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Nínú ilé ìdáná àtijọ́, àjà wà lókè ààrò. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àgbàdo, ẹran gbígbẹ àti ata sí, tí èéfín ń fẹ́ sí wọn láàárọ̀ àti lálẹ́. Èéfín ń lé kòkòrò, ooru ààrò kò sì jẹ́ kí ọ̀rinrin ráyè wọlé. Obìnrin tó bá fẹ́ se ọbẹ̀ ilá á nawọ́ sókè, á mú ìwọ̀nba tó fẹ́, á gún un nínú odó kékeré lójú ẹsẹ̀. Wọn kì í gún ata ọdún kan jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọgbọ́n ńlá ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti wó àjà, a sì ti gbàgbé ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ata tí a máa lò ná. Ṣọ̀mbọ̀ ni mo fọwọ́ sí jù lọ. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹran ara rẹ̀ kò nípọn, oòrùn sì ń tètè wọ̀ ọ́ dénú. Rodo ní òórùn dídùn tí ṣọ̀mbọ̀ kò ní, àmọ́ ó ní omi lára, ìkarahun rẹ̀ tó ń dán kì í sì í fẹ́ jẹ́ kí omi yẹn jáde. Ẹni tó bá sá a lódindi, ìta á gbẹ, inú á máa rà. Tàtàṣé kò ta, àwọ̀ ni a ń wá lọ́dọ̀ rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ gé e sí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Ata wẹ́wẹ́ kò ní wàhálà kankan nínú gbígbẹ, àfi pé ẹnu àwọn ọmọdé kò lè gbà á.

Ní 1912, apòògùn ará Amẹ́ríkà kan, Wilbur Scoville, gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ tí ayé ṣì fi ń wọn bí ata ṣe ń ta tó. Irú ṣọ̀mbọ̀ máa ń wà láàárín 30,000 sí 50,000 lórí òṣùwọ̀n náà, irú rodo sì máa ń wà láàárín 100,000 sí 350,000. Ẹni tó bá fẹ́ po wọ́n pọ̀ kó fi èyí sọ́kàn. Nílé tèmi, ṣọ̀mbọ̀ ló máa ń pọ̀ jù, tàtàṣé díẹ̀ fún àwọ̀, rodo ìwọ̀nba fún òórùn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ata rà ló kàn yìí. Ata tó bá ti ń rà, tí àwọn aláta ti ṣà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ni wọ́n máa ń tà fún ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ sá ata. Ó pọ̀, kò wọ́n, a sì máa ń rò pé oòrùn á wò ó sàn. Oòrùn kì í wo ata tó rà sàn. Ọ̀rinrin rẹ̀ ló ń fà lọ, ohun tó ti ń hù lára rẹ̀ sì ń wà níbẹ̀. Ata tó pọ́n dáadáa, tó le, tí kò ní ọgbẹ́ lára, ni kí ẹ rà fún sísá, àní bí owó rẹ̀ bá tilẹ̀ ju ti ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ní 1960, tòlótòló tó ju 100,000 lọ kú láàárín oṣù díẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oúnjẹ ẹ̀pà tó ti bu tí wọ́n fi bọ́ wọn ló fà á. Látara ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn ni ayé ti mọ aflatoxin, oró tí irú olú kékeré kan tó ń jẹ́ Aspergillus flavus ń tú sínú ohun jíjẹ tí kò gbẹ dénú. Ata gbígbẹ wà lára ohun tí olú yìí máa ń bà lé. Oró náà ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Síse kò pa á, dídín kò pa á. Nílẹ̀ Yúróòpù, òfin kò gbà kí aflatoxin inú kílò ata gbígbẹ kan ju máíkírógíráàmù 10 lọ, bẹ́ẹ̀ máíkírógíráàmù kan kò ju ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù lọ. Bí ẹ bá rí i pé ata gbígbẹ ní nǹkan funfun tàbí dúdú tó ń hù nínú, tàbí tó ń rùn bí ilé tí a tì pa, ẹ dà á nù. Ẹ má yọ ibi tó bu kí ẹ lo ìyókù, nítorí oró náà kì í dúró síbi tí ojú ti rí i.

Fífọ̀ ló kàn. Ẹ fọ ata pẹ̀lú orí rẹ̀ kí ẹ tó já orí náà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ já a ti ṣí ojú ihò sílẹ̀ fún omi, omi tó bá sì wọnú ata kì í fẹ́ jáde mọ́. Omi tó mọ́ ni kí ẹ lò, kí ẹ fọ̀ ọ́ títí omi á fi mọ́ gaara, kí ẹ jẹ́ kó ro sórí ajọ̀ kí ẹ tó já a. Sísá kì í pa kòkòrò àrùn. Ìdọ̀tí tí ata bá gbé wọnú oòrùn ni yóò gbé jáde, nítorí náà, ìmọ́tótó tí a kò bá ṣe níbi omi, a kò ní ibòmíràn tí a ti máa ṣe é.

Ẹ fi ọ̀bẹ la rodo sí méjì, kí ẹ gé tàtàṣé. Ṣọ̀mbọ̀ lè wà lódindi bí oòrùn bá mú dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá là á níkùn á tètè bọ́ nínú wàhálà, á sì rí inú rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n fẹ́ràn lílà. Ata tó dára lójú lè ti bu nínú. Ẹ fi ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Omi kì í ṣẹ́gun títa ata, nítorí ohun tó ń ta nínú rẹ̀ kì í yòrò nínú omi, inú òróró ló ti ń yòrò. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń jó, kó fi òróró pa á lára, kó wá fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà. Ti ẹnu ni kí wọ́n mu wàrà sí.

Oòrùn ọyẹ́ kò ní ẹlẹ́gbẹ́ fún sísá. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbẹ, òjò kò ní já lù ú lójijì, ata tútù sì ṣì wà lọ́jà. Omi inú ata tútù lè tó ìdá mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Kó tó lè pẹ́ nílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wá sílẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 10 nínú 100. Kò sí ohun tó lè mú un débẹ̀ ní kánmọ́ láìba nǹkan jẹ́.

Ẹ má sá a sílẹ̀. Ẹ kan pẹpẹ, tàbí kí ẹ gbé férémù tí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò sórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin, kí afẹ́fẹ́ máa gba abẹ́ kọjá. Ẹ tẹ́ ata ní ìpele kan ṣoṣo, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì mìíràn bò ó nítorí eṣinṣin àti ẹyẹ. Mo mọ̀ pé a ti ń rí ata tí wọ́n sá sétí títì láti ọjọ́ tí a ti dáyé, tí ọ̀dà ń gbóná lábẹ́ rẹ̀, tí ọkọ̀ ń fẹ́ eruku àti èéfín sí i, tí ewúrẹ́ ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Mi ò bínú sí àgbẹ̀ tí kò ní ibòmíràn. Ṣùgbọ́n ata yẹn ni a ń fi ìka tọ́ sẹ́nu pẹ̀lú iṣu sísun, láìsè é, ó sì yẹ ká máa rántí.

Tí oòrùn bá ti ń wọ̀, ẹ kó ata wọlé. Ìrì òru kan lè dá iṣẹ́ ọjọ́ méjì padà. Ẹ má kó o jọ gègèrè, ẹ má sì fi ọ̀rá bò ó, torí ooru tó wà lára rẹ̀ á di omi, ata á sì làágùn mọ́jú. Ẹ fi í sílẹ̀ nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, bó ṣe wà lórí férémù rẹ̀. Lójoojúmọ́, ẹ yí i padà. Ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ni ẹ máa mọ èyí tí kò ní ṣe rere, torí ó máa ń yàtọ̀ láwọ̀. Ẹ ṣà á dànù kíákíá.

Iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí títọ́jú irè oko, tí wọ́n ń pè ní NSPRI, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà n'Ílọrin, ti ṣe àgọ́ oríṣiríṣi tí wọ́n fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bò fún irú iṣẹ́ yìí. Oòrùn á wọlé, eruku àti òjò kò ní wọlé. Iléeṣẹ́ ìwádìí ewébẹ̀ àti èso, NIHORT, náà ti wà ní Ìdí-Ìṣin n'Íbàdàn láti 1975, ata sì wà lára ohun tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Àgbájọ àwọn obìnrin tó bá ń ṣe ata tà kò gbọ́dọ̀ jókòó sílé láìkànsí wọn. Owó ìlú la fi ń bọ́ wọn, ìmọ̀ wọn sì yẹ kó dé ẹ̀yìnkùlé wa.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Màńṣẹ́sítà kò ní oòrùn tó tó, àmọ́ wọ́n ní ófùnù. Ẹ gbé e sí 60 digrí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, tàbí ibi tó bá lọ sílẹ̀ jù lọ lórí rẹ̀, kí ẹ fi ṣíbí onígi há ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí omi lè ráyè jáde. Ẹ la ata sí méjì, ẹ tẹ́ ẹ, ẹ ní sùúrù fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ máa yí i. Ẹni tó bá gbé iná sókè torí kánjúkánjú, ata á di dúdú, á sì korò. Ẹ ṣí fèrèsé. Èéfín ata nínú ilé tí a tì pa nítorí òtútù kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣeré, pàápàá níbi tí ẹni tó ní ikọ́ fée tàbí ọmọ ọwọ́ bá wà.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ó ti gbẹ? Ojú kọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n, etí àti ọwọ́ ni. Ẹ mú ṣọ̀mbọ̀ kan, kí ẹ mì í létí. Bí ó bá gbẹ, hóró inú rẹ̀ á máa dún bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kékeré. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá rọ̀, tó tẹ̀ tí kò ṣẹ́, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Èyí tó gbẹ á ṣẹ́ pa, ẹnu ibi tó ti ṣẹ́ á mú, kò ní rọ̀ pọ̀jọ̀pọ̀jọ̀. Ẹ wo ìdí ibi tí orí rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ ló máa ń gbẹ kẹ́yìn, ibẹ̀ náà ló sì máa ń kọ́kọ́ bu.

Lọ́jà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Mo fọwọ́ kan ata gbígbẹ ìyá kan lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mo sọ fún wọn pé, "Ìyá, ata yín yìí mà rọ̀ o." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìrì àná ló mú un. Tó o bá délé, sá a díẹ̀ sí i." Òótọ́ ni wọ́n sọ fún mi, mo sì yìn wọ́n. Mo ra kóńgò kan, mo sì sá a lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ ni kì í gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ torí wọn kò béèrè. Wọ́n á gbé ata tó rọ̀ lọ tààrà sí ẹ̀rọ, á lẹ̀ mọ́ra wọn nínú ìgò, wọ́n á sì máa bi ara wọn léèrè lọ́sẹ̀ kẹta pé kí ló dé tó ń rùn.

Ọgbọ́n kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mú lò láàárín sísá àti lílọ̀. Ẹ kó ata gbígbẹ sínú ìgò ńlá tí ń mọ́ gaara, kí ẹ dé e, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ máa gbọ̀n ọ́n lójoojúmọ́. Èyí tó gbẹ jù á fa ọ̀rinrin díẹ̀ lára èyí tí kò gbẹ tó, gbogbo wọn á wá dọ́gba. Bí ẹ bá rí ẹ̀kán omi lára ìgò náà, ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà sínú oòrùn. Ìgò yìí ti gba ọ̀pọ̀ ata mi là.

Ẹ̀rọ wá kàn. Ẹ̀rọ ọjà ní irin méjì tó ń ha ara wọn, ohun tó bá sì ha kúrò lára irin, inú oúnjẹ ló ń bọ́ sí. Ẹ wá ẹlẹ́rọ tó ń tún irin rẹ̀ ṣe lásìkò, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ kó má dì í pinpin jù. Ẹ mú ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo gbígbẹ dání láti kọ́kọ́ fi nu inú ẹ̀rọ náà, torí ẹ ò mọ ohun tó lọ̀ ṣáájú yín, bóyá ẹ̀lùbọ́ ni o, bóyá ẹ̀pà. Èyí tó bá kọ́kọ́ jáde lẹ́yìn àgbàdo, ẹ má kó o mọ́ra. Ẹ lọ láàárọ̀ kùtù, ẹ fi aṣọ di imú, kí ẹ dúró sí ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Ọmọ tó ń lọ̀ ọ́ náà ní imú. Ẹ bá a mú ìbòmú kan lọ.

Bílẹ́ńdà ilé náà ń ṣe é, bí ẹ bá ní kọ́ọ̀pù kékeré tí wọ́n fi ń lọ nǹkan gbígbẹ. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kó má gbóná. Tó bá kúnná tán, ẹ má ṣí i lójú ẹsẹ̀. Ẹ dúró kí eruku rẹ̀ balẹ̀, kí ẹ ṣí i níta. Ẹni tó bá ní odó kékeré tó sì ní apá, kó gún un. Ata inú odó kì í kúnná tán pátápátá, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀wà.

Àwọn kan máa ń yọ hóró rẹ̀ kúrò kó má ta jù. Inú hóró kọ́ ni títa ń gbé. Ara awọ funfun tí hóró so mọ́ nínú ata ló wà. Àmọ́ hóró ń mú kí àwọ̀ rẹ̀ ṣì, ó sì ní òróró tó máa ń kan bí ó bá pẹ́ nílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ata pupa roro tó máa pẹ́, kó gbọn díẹ̀ nínú hóró náà dànù.

Ata tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀rọ dé máa ń gbóná. Ẹ má dé e mọ́ inú ìgò. Ẹ tẹ́ ẹ sínú ọpọ́n gbígbẹ, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá. Ibí yìí ni ata tí a ti ṣọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ti ń bàjẹ́ mọ́ni lọ́wọ́: ooru inú ìgò di omi, omi di ebu.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa àwọ̀. Ní 2003, àwọn ilẹ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í dá ata lílọ̀ padà lẹ́nu ibodè nítorí aró kan tó ń jẹ́ Sudan I, aró tí wọ́n ń fi sínú epo àti èròjà tí wọ́n fi ń dán bàtà. Wọ́n ti fi pa ata láró kó lè máa pọ́n. Ní 2005, oúnjẹ inú ike àti ìgò tó ju 400 oríṣi lọ ni wọ́n kó kúrò lórí igbá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì torí ata lílọ̀ kan tó ní aró yìí ti bọ́ sínú ọbẹ̀ tí wọ́n fi pò wọ́n. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé kí a bu ata sínú òróró, pé bí òróró bá pọ́n, aró ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ ata gidi náà ń yòrò nínú òróró, bẹ́ẹ̀ ni ti aró. Kò sí ìdánwò inú ilé ìdáná tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìwọ̀nba ohun tí ojú lè mọ̀ ni pé ata gidi kì í pọ́n bákan náà látọdún dé ọdún, ó sì máa ń ṣì bó bá pẹ́. Ata gígún tó ti lo ọdún kan nínú oòrùn lórí tábìlì ọjà tó ṣì ń pọ́n roro, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ìtọ́jú ló wá kàn. Ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ló ń jẹ àwọ̀ ata, ọ̀rinrin ló ń jẹ ẹ̀mí rẹ̀. Ìgò tí ìdérí rẹ̀ dì ló dára jù, kí ẹ kún un dé ẹnu kí afẹ́fẹ́ má ráyè, kí ẹ gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn. Ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kò tó. Òórùn ń gba inú rẹ̀ jáde, kòkòrò sì ń lu ú. Kòkòrò pupa ràkọ̀ràkọ̀ kékeré kan wà tó jẹ́ pé títa ata kò dà á láàmú rárá, inú ata ló ti ń yé ẹyin. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù rẹ̀, ẹ kó ata gbígbẹ sínú fìrísà fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Òtútù á pa á tẹyin tọmọ. Àmọ́ nígbà tí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má ṣí ìdérí títí òtútù ara rẹ̀ á fi lọ, kí omi má baà rọ̀ sí i lára.

Ẹ má gbé ìgò ata sẹ́gbẹ̀ẹ́ gáàsì nítorí pé ọwọ́ ń tètè tó o níbẹ̀. Ẹ má sì gbọn ata tààrà láti inú ìgò sórí ìkòkò tó ń hó. Ooru ọbẹ̀ á gba ẹnu ìgò wọlé, ẹ̀ẹ̀melòó kan péré sì tó láti mú kí ata inú rẹ̀ dì pọ̀. Ṣíbí gbígbẹ ni kí ẹ fi bù ú sínú àwo. Ẹ má po edé lílọ̀ pọ̀ mọ́ ọn de ọjọ́ iwájú. Ọ̀rá inú edé ń tètè kan, á sì fa ata lọ́wọ́ dání. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ sè é ni kí ẹ pò wọ́n.

Ibí ni mo ti fẹ́ padà sórí àjà àwọn ìyá wa. Ata gbígbẹ tó wà lódindi lè lo ọdún kan láìpàdánù púpọ̀. Èyí tí a ti lọ̀, láàárín oṣù mẹ́fà ni kí a ti lò ó tán. Nítorí náà, ẹ sá ata ọdún kan, ṣùgbọ́n ata oṣù kan sí méjì ni kí ẹ máa lọ̀. Ẹ kọ oṣù tí ẹ lọ̀ ọ́ sára ìgò.

Kí la wá ń fi ṣe? Ọbẹ̀ ilá àti gbẹ̀gìrì fẹ́ èyí tó kúnná. Dòdò Ìkirè kò lè pé láìsí i. Ẹ̀wà àgànyìn ló ń fẹ́ èyí tí kò kúnná rárá: ata gbígbẹ ni àwọn obìnrin tó gbé e wá láti ìhà Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń rẹ sómi, tí wọ́n ń lọ̀ gbàràgàdà, tí wọ́n sì ń din nínú epo pupa pẹ̀lú àlùbọ́sà títí yóò fi dúdú. Ata tútù kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Omi inú rẹ̀ á bá epo jà. Ní Bàhíà ní Brazil, níbi tí àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé àkàrà dé, àwọn ìyá tó ń ta àkàrà náà, tí wọ́n ń pè ní àkàràjẹ́ níbẹ̀, ṣì ń din ata gbígbẹ àti edé gbígbẹ pọ̀ nínú epo pupa láti fi há àárín àkàrà wọn. Ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà ní 2005.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ nídìí ìkòkò. Ata tí wọ́n lọ̀ mọ́ igi, orí àti àgbàdo lọ́jà ti kọ́ wa láti máa bu ṣíbí ńlá. Èyí tí ẹ sá fúnra yín kò ní àdàlù, ó máa ta jù ú lọ. Ẹ fi ìdajì ohun tí ẹ ń bù tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ hó díẹ̀, ẹ tọ́ ọ wò, kí ẹ tó fi kún un.